Kò Sí G Nínú Gbogbo

Bí ẹ bá bi í pé ṣé iṣẹ́ ti parí, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Ó kù díẹ̀." Bí iṣẹ́ ọ̀hún kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, ó kù díẹ̀. Bí ó bá ń jẹun tí ẹnìkan bi í pé ṣé ó ti yó, ó kù díẹ̀. Báyìí ni àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ti orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n ń pè é ní Ókùdíẹ̀, òun náà sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá.

Ilé iṣẹ́ ọnà ni ibi iṣẹ́ náà. Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ni, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlì. Yàrá gígùn kan ni, tábìlì mẹ́rin, fèrèsé mẹ́ta tó kọjú sí ọ̀nà, àti ògiri kan tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ títí tí ẹnikẹ́ni kò fi rántí àwọ̀ tí wọ́n kùn ún. Ọ̀gá wọn, obìnrin gíga kan tó máa ń ki pẹ́ńsù bọ inú irun, tó sì máa ń wá a kiri lẹ́yìn náà, ti sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣílẹ̀kùn pé, "Àwa kì í ta ọṣẹ." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé àwọn kò ní í yàwòrán fún ọlọ́ṣẹ, fún ọlọ́tí, tàbí fún oníbisikíìtì. Iṣẹ́ ìlú ni tiwọn. Àwọn ni wọ́n ṣe àmì ìdánimọ̀ fún àwọn tó ń tọrọ ẹ̀jẹ̀ fún ilé ìwòsàn. Àwọn ni wọ́n ṣe pátákó ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí. Àwọn náà ni wọ́n ṣe ìwé àlẹ̀mógiri tó ń bẹ aráyé pé kí wọ́n má da ìdọ̀tí sínú gọ́tà mọ́, èyí tí afẹ́fẹ́ já sínú gọ́tà lọ́jọ́ kẹta.

Ohun tó bá ta kókó ni Ókùdíẹ̀ fẹ́ràn. Ìdí rẹ̀ kì í gba àga. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ní ìpàdé, ó ti ń ka iye lẹ́tà tó wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, ó ń yí wọn po, ó ń wò ó bóyá wọ́n á di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mejì ló gba ẹ̀bùn nínú ìdíje àlọ́ onínọ́ńbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì gbàgbé ọjọ́ ìdánwò.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú wá pé kí wọ́n ṣe pátákó àti àmì tuntun fún ilé ìkàwé, tí ọkùnrin tó wá jíṣẹ́ sì mẹ́nu bà á pé kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kan wà ní yàrá ẹ̀yìn níbẹ̀, tí àwọn àgbàlagbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀, ṣe ni Ókùdíẹ̀ dìde fùú.

"Mélòó lẹ pè é?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú ábídí."

Ọ̀gá fa pẹ́ńsù yọ kúrò nínú irun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀kan: olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà kan, Ókùdíẹ̀ yóò sọ wọ́n di ábídí tí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀, ábídí yìí ni wọn yóò sì fi kọ ohun gbogbo níbẹ̀, láti orí káàdì títí dé ara ilẹ̀kùn. Lójú ògiri iwájú, wọn yóò fi irin kọ orúkọ tuntun náà ní lẹ́tà kékeré: *ilé ìkàwé gbogbo wa*. Ọ̀gá kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ ìlú pé, "A kò ní yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

Inú agolo mílíìkì ni tíṣà kó àwọn lẹ́tà sí lọ́jọ́ tí wọ́n pín wọn. Olúkúlùkù tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú bébà kan. Káfíńtà, ọkùnrin elétí ńlá kan tó máa ń fi pẹ́ńsù há etí bí ẹni tó wà níbi iṣẹ́, mú g. Onídìrí mú b. Nígbà tó kan Ìyá Onísúwẹ́tà, ó tú bébà tirẹ̀, ó sún un jìnnà sí ojú, ó tún sún un mọ́ ọn.

Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ìyá yìí ti ń hun súwẹ́tà fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òwú ló sì fi so ìgò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Kó tó mọ nọ́ńbà kọ, kókó òwú ló fi ń ṣírò, kò sì sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ.

"Méjì ló bọ́ sí mi lọ́wọ́," ni ó wí.

"Ẹyọ kan ni, Ìyá," ni tíṣà dáhùn. "Kí ni mo kọ́ yín? G lọ́tọ̀, b lọ́tọ̀, gb lọ́tọ̀. Ẹnu kan náà la fi ń pè é, ẹ̀ẹ̀kan náà."

"Àwa mú ẹyọ kan, Ìyá bí ìbejì," ni káfíńtà wí.

"Ṣé ìwọ lo máa bá mi pọ̀n wọ́n?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú ìyá ti wà lára bọ́ọ̀dù, níbi tí tíṣà kọ orúkọ tuntun náà sí. Ìka rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. "Gbo," ni ó wí. "Gbo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi wà níbẹ̀." Ó jókòó, ó sì ń fi ìka kọ ọ́ sórí itan títí tí kíláàsì fi tú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi kọ ọ́. Káfíńtà kọ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ìyá kọ tirẹ̀ lẹ́yìn rìsíìtì, lára páálí òwú, lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá. Bí ó ṣe ń ṣe é ni pé ẹnu bírò kò gbọdọ̀ kúrò lórí bébà. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí g, yóò yí i ká, yóò sọ̀ ọ́ sísàlẹ̀, yóò ká ìrù rẹ̀ gba abẹ́, yóò sì gbé e wá sókè ṣánṣán kó lè di ẹ̀yìn b. Nígbà tí Ókùdíẹ̀ lọ gba àwọn bébà náà, ó bi í pé kí ló dé tí kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Òwú kan náà ni, ọmọ mi," ni ìyá wí fún un. "Tí mo bá já a, á tú."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Inú kọ̀ǹpútà dà bí ilé tí wọ́n ti pín yàrá rẹ̀ kí ayálégbé tó dé. Lẹ́tà a ní yàrá, b ní yàrá, d ní tirẹ̀. Ẹ àti ọ tí wọ́n ní àmì lábẹ́, wọ́n wá ibì kan há wọn sí lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n gb kò ní yàrá rárá, nítorí pé àwọn tó kọ́ ilé náà kò ní irú ìró bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Kì í ṣe pé kò sí ọgbọ́n tí èèyàn lè ta sí i. Ókùdíẹ̀ lè ya gb ìyá gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, kó sì kọ́ kọ̀ǹpútà pé nígbàkígbà tí g àti b bá ti pàdé, kó mú àwọn méjèèjì kúrò, kó gbé èyí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló máa jẹ́. Ìrù gb náà sì gùn ju ti àwọn lẹ́tà yòókù lọ, ó ń gbọ̀n díẹ̀, bí wọ́n bá tò ó pọ̀ mọ́ àwọn tó kù, ojú ìlà á fò sókè fò sílẹ̀.

Ó dán an wò. Ó tẹ g káfíńtà, tó dúró gbọnrangandan bí pákó. Ó tẹ b onídìrí tẹ̀lé e. *Gbogbo.* Ó jókòó tì wọ́n, ó wò wọ́n, ojú rẹ̀ sì gbà á. Irú ìgbádùn tó máa ń bá a nígbà tí àlọ́ bá já ló bá a. Ó ká bébà ìyá, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò padà síbẹ̀. Ó kù díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ ilé ìwòsàn dé, lẹ́yìn ilé ìwòsàn ni ti ọgbà àwọn ọmọdé, kò sì padà.

Ọ̀gá bi í ní ọ̀sán ọjọ́ kan, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń ka àwọn lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Gbogbo àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wọlé?"

"Gbogbo wọn ni, Mà."

Kì í ṣe pé ó pète irọ́. Ó rò pé kó tó di ọ̀la, ọ̀rọ̀ náà yóò ti di òótọ́. Ọ̀gá fàmì sí ìwé, wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wẹ́dà tí yóò gé àwọn lẹ́tà irin, ọ̀la sì dé, ó kọjá, bí ọ̀la ṣe máa ń ṣe.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dókè. Ìyá Onísúwẹ́tà ló wọlé, ó ń mí gúlegúle, ó sì gbé ọ̀rá kan dání.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ibi tí ẹ ti ń kọ lẹ́tà wa nìyí?"

Ókùdíẹ̀ pa ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kíákíá. Kí ìyá tó rí àga jókòó, ojú kọ̀ǹpútà náà ti dúdú kirikiri.

"Mo ní kí n wá wò ó," ni ìyá wí. "Kí n wò ó díẹ̀, n ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ó ti lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, Ìyá."

"Tèmi ńkọ́?"

"Ó ti wọlé."

"Ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, Ìyá."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ìgò ojú rẹ̀ fi yọ̀ bọ́ sí imú. "Àwọn ọmọ àdúgbò mi ti ń pè mí ní Ìyá Gb. Wọn ò lè pè é dáadáa. Ó ń dún lẹ́nu wọn bí ìgbà tí nǹkan jábọ́ sínú omi." Ó ṣí ọ̀rá náà. Súwẹ́tà ni, àwọ̀ aró, ó sì fi òwú pupa hun gb sí ọ̀kánkán àyà, ìrù rẹ̀ ká, ó yí, ó gòkè, òwú kan náà láìjá. "Gba èyí. Ojú ni mo fi wọ̀n ẹ́ lọ́jọ́ tó o wá sí kíláàsì. Bí apá rẹ̀ bá gùn, ká a sókè, o ṣì máa dàgbà."

Akọ̀wé tó wà ní tábìlì kejì ní kó wọ̀ ọ́ kí àwọn rí i. Ó wọ̀ ọ́. "Ó bá ẹ mu," ni akọ̀wé wí. "Wàá jọ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé padà wálé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ókùdíẹ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, òwú náà sì ń jẹ ẹ́ lára bí èèrùn.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè ka lẹ́tà mọ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé lẹ́tà yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń lọ sílé, ó rí i lójú pátákó agbẹjọ́rò kan, ó rí i lára ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí, ó rí i lára ilé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọn kò gbọdọ̀ tà á. Níbi gbogbo, g àti b ni, àlejò méjì tí wọ́n fi jókòó ti ara wọn.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń gbé, yàrá méjì àti kíṣìnnì. Ogójì ọdún ni bàbá náà fi to lẹ́tà onírin ní ilé ìtẹ̀wé kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ṣì máa ń rìn lórí tábìlì bí ẹni tó ń wá lẹ́tà nínú àpótí. Ní Ọjọ́ Àìkú, Ókùdíẹ̀ jókòó tì í.

"Bàbá, nígbà tí ẹ ń to lẹ́tà, báwo lẹ ṣe ń to gb?"

"Màá mú g, màá fi b tì í."

"Kò ní ihò tirẹ̀ nínú àpótí?"

"Ta ni ì bá rọ ọ́? Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kó àwọn lẹ́tà yẹn wọ̀ wá. Kódà àmì abẹ́ ṣ, àwa fúnra wa la máa ń fi ọ̀bẹ wá ọgbọ́n sí i."

Ara tu Ókùdíẹ̀. "Ìyẹn ni pé látilẹ̀wá, g àti b náà ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló dé?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni." Ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Ó sọ ti kíláàsì, ti agolo mílíìkì, ti obìnrin tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ lẹ́tà kan, ti dúrọ́ọ̀. Kò mẹ́nu ba súwẹ́tà.

Bàbá rẹ̀ dín ohùn rédíò kù. Ìka rẹ̀ dúró. "Àwa kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá kọ ọ́ fún wa," ni ó wí. "Ẹni tí o kò pè síbi oúnjẹ, ebi tó bá ń pa á kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Èyí tó o pè ńkọ́, tó o ní kó fọ ọwọ́, tó o wá gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ mi ò gbèrò ibi, Bàbá."

"Mo gbọ́. Bá mi kí ọ̀rẹ́ rẹ. Ní kó tètè lọ sọ̀rọ̀." Ó sì gbé ohùn rédíò sókè padà.

Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò ṣí ilé ìkàwé. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Ókùdíẹ̀ mú bébà ìyá jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó fi sápò, ó gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà lọ. Ilẹ̀ àgbàlá ni wẹ́dà to àwọn lẹ́tà irin náà sí, ó ti ha wọ́n, ó ti fi ọ̀dà dúdú kùn wọ́n. G méjì àti b méjì wà lórí àpò símẹ́ǹtì, oòrùn ń ràn sí wọn.

Wẹ́dà gba bébà náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Èyí dára ju èyí tí mo gé lọ," ni ó wí. "Ó ní ẹ̀mí. Ta ló kọ ọ́?"

"Ṣé ẹ lè gé méjì kó tó di Ọjọ́bọ̀?"

"Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yín ló gbé iṣẹ́ fún mi. Ẹ pè é, kó sọ ọ́ sí mi létí."

Ókùdíẹ̀ pè é. Kó tó la ẹnu, Ọ̀gá ti mú ọ̀rọ̀ sọ. "Ìwọ ni mo fẹ́ pè. Gbọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ ìlú kọ: 'Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni pé ẹ kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.' Mo ti sọ fún wọn pé èrò tìẹ ni. Mo ní ọmọ náà kì í jókòó, ṣùgbọ́n ó lórí pípé." Ó ń rẹ́rìn-ín. Kì í sábà rẹ́rìn-ín lórí fóònù. "Kí lo fẹ́ sọ?"

Wẹ́dà ń wò ó.

"Kò sí, Mà. Mo ní kí n sọ fún yín pé iṣẹ́ wẹ́dà ń lọ dáadáa."

Ó fi fóònù sápò. Wẹ́dà dá bébà rẹ̀ padà fún un, ó fi ìbòjú bojú, ó sì dáná sí irin ẹlòmíràn.

Ọjọ́bọ̀ pé. Wọ́n to àga síwájú ilé ìkàwé, wọ́n fi aṣọ funfun bo ògiri. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti múra, káfíńtà wọ bàtà tó ń ké, ó sì kó ọmọ mẹ́rin dání. Ìyá Onísúwẹ́tà wà ní ìlà iwájú. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ mẹ́fà ló bá a wá, ó sì ti fi ibi tí ojú wọn yóò wò hàn wọ́n kí aṣọ tó ṣí. Ókùdíẹ̀ dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá. Kò wọ súwẹ́tà.

Ọkùnrin ìgbìmọ̀ ìlú sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó fa okùn, aṣọ já wálẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ibẹ̀ kan, olúkúlùkù ń wá tirẹ̀. "Wo k mi." "L rèé, èmi ni mo ni l." Obìnrin tó kọ a ń ka iye tirẹ̀ lórí ìka.

Káfíńtà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń wo pákó tó wọ́.

"Tíṣà," ni ó wí, "g mi rèé lókè."

"Kò lè jẹ́ tìẹ. Orí káàdì ni tìẹ wà."

"Mo mọ ohun tí mo fi rúlà wọ̀n. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Kò sí g nínú gbogbo." Ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn yòókù, ó tún yíjú sí tíṣà. "Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ wa? Ga, gá, gà, ìyẹn g. Gba, gbá, gbà, ìyẹn gb. Kò sí g níbẹ̀."

"B mi náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn," ni onídìrí wí. "Ta ló gbé mi lọ jókòó ti káfíńtà?"

Ẹ̀rín ta. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó gbé ìka sókè, ó ń tọ lẹ́tà náà bó ṣe máa ń tọ òwú: ó bẹ̀rẹ̀ lórí g, ó yí i ká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dé ìdí ìrù rẹ̀. Ìka náà dúró síbẹ̀.

"Òwú já níbí," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà, ó wá a láàárín àwọn èèyàn títí ó fi rí i. "Ọmọ mi, èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Gbogbo orí ló yí sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan ti wà ní orí ahọ́n Ókùdíẹ̀: wẹ́dà ló ṣèèṣì. Ó rọrùn, ó kúrú, ó bá ojú mu. Ṣùgbọ́n wẹ́dà fẹ̀yìn ti àkàbà rẹ̀ nítòsí ògiri, ó ń wò ó bó ṣe wò ó ní Ọjọ́ Ajé.

"Kò sí níbẹ̀, Ìyá."

"Kò sí bíi ti báwo?"

"Èmi ni mo yọ ọ́. Kò ní àyè nínú kọ̀ǹpútà. Ọgbọ́n wà tí mo lè ta sí i, mi ò ta á. Mo parọ́ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ wá. Mo ti parọ́ fún ọ̀gá mi ṣáájú yín."

Ọkùnrin ìgbìmọ̀ ìlú wú ikọ́, ó ń ka ìwé ètò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó gùn. Ọ̀gá kò wo Ókùdíẹ̀. Ó rìn gba àárín àwọn àga kọjá, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan níwájú ìyá.

"A máa tún un ṣe, Ìyá."

"Nígbà wo?"

"Láàárín ọ̀sẹ̀ kan."

"Ẹ kọ́kọ́ yọ ìyẹn kúrò ná."

"Lónìí?" ni tíṣà bi í. "Ìyá, ihò ló máa wà níbẹ̀."

"Ihò ni kó wà. Mi ò lè máa gba abẹ́ irọ́ wọ kíláàsì." Ohùn rẹ̀ kò ga. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń wo ilẹ̀.

"Ẹ yọ tèmi," ni káfíńtà wí. "Àga ẹlòmíràn kì í tu ènìyàn lára. Mo ti wà lórí káàdì, ó tó mi." Ọmọ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ó gbé e léjìká.

Ìyá na ọwọ́ sí Ókùdíẹ̀ láìwò ó. "Kó jẹ́ òun ló máa gùn ún."

Ókùdíẹ̀ gun àkàbà lójú gbogbo wọn, nínú aṣọ tó dára jù tó ní. Wẹ́dà dì í mú nísàlẹ̀. Ó tú g, ó tú b, ó tún tú g kejì, ó tú b kejì, ó ń nawọ́ wọn sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù lójú ògiri ni *ilé ìkàwé o o wa*.

Ọ̀gá kò lé e. Nígbà tí wọ́n padà dé òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ó jókòó, ó ní, "Ìwé tí mo kọ sí ìgbìmọ̀ ìlú, ìwọ lo máa kọ òmíràn. Kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí o fi orúkọ tí bàbá rẹ sọ ẹ́ sísàlẹ̀." Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé bébà ìyá síwájú, ó ya gb náà láìtún ibi kan ṣe, ó fi gbígbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa pè é jáde. Nígbà tó parí, ó wo aago. Wákàtí márùn-ún péré ni. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́, ó ń ronú lórí wákàtí márùn-ún náà.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni ihò náà fi wà lójú ògiri. Ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá ti sọ ọ́ di orin ẹlẹ́yà, wọ́n ń ké "o, o" ní ìkẹ́yìn. Ó lè gba òpópó kejì, kò gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pàdé ìyá lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó kí i, ìyá sì dáhùn. Kò bínú sí i lójú. Kò sì pè é ní ọmọ mi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wẹ́dà gbé gb méjì dé. Ìyá jáde nínú kíláàsì, ó dúró nísàlẹ̀ àkàbà pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Ókùdíẹ̀ gbé èyí àkọ́kọ́ lé ògiri.

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀," ni ìyá wí.

Ókùdíẹ̀ bojú wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ti gun òkè wá bá òun. Kò sí ẹnìkan.

"Ẹ yí i sọ́wọ́ ọ̀tún. Ó tó. Ẹ má jẹ́ kí ìrù rẹ̀ forí gbá símẹ́ǹtì yẹn." Ó dúró títí wọ́n fi de gbogbo rẹ̀ tán. Ó fi ìka tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú afẹ́fẹ́, láti orí g títí dé inú b. Ó mi orí. "Ó pé báyìí. Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sí obìnrin tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó fi ẹ bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fo ìtẹ̀sẹ̀ kan lára àkàbà. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi. Ọmọ yín ni mí. Ẹ má fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Ìyá wò ó bí ẹni tó ń wá ibi tí òwú ti já.

"Ẹ dìde," ni ó wí. "Aṣọ yín á dọ̀tí."

Ó sì wọ kíláàsì lọ.